Ta ni yóò bá ọmọ yìí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Ní abala ìlera àti ìmọ́tótó yìí, a ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ọwọ́ fífọ̀, nípa omi mímu, nípa ẹ̀fọn àti gọ́tà tó dí. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó náà la fẹ́ sọ lóṣù yìí, àmọ́ ó kan àwọn ọmọ tí a kì í sábà dárúkọ nígbà tí a bá ń sọ ọ́: àwọn ọmọ akàndá, àwọn tí ojú wọn kò ríran, tí etí wọn kò gbọ́rọ̀, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí tí ọpọlọ wọn ń lọ́ra láti kọ́ nǹkan. Ó sì kan àwọn olùkọ́ àti olùtọ́jú tó ń bójú tó wọn ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó yí wa ká, láti Ọjọ́ta dé Kétu, Ìkòsí àti Mile 12.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan bí àpẹẹrẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ ní agogo méje ààbọ̀. Láti ìgbà yẹn títí di agogo kan ọ̀sán, ibi tí wọ́n bá gbé e jókòó sí náà ni yóò wà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fẹ̀ tó kí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara gba ibẹ̀ wọlé, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe sí i? Kì í fún un lómi mu láàárọ̀. Ọmọ náà alára ti mọ̀: bí wọ́n bá ń pín omi, yóò ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Àwọn kan lára wa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ tí kì í yọni lẹ́nu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ kì í ṣe jẹ́jẹ́ rárá. Ìtọ̀ tí èèyàn bá ń mú mọ́ra lójoojúmọ́, tí omi tó ń mu kò sì tó, a máa fa àrùn sí àpò ìtọ̀. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gòkè dé kíndìnrín. Ìgbẹ́ a máa gan mọ́ ọ nínú. Ọmọ tó bá sì jókòó sójú kan fún wákàtí márùn-ún, tí kò lè gbé ìdí ara rẹ̀ sókè, egbò lè yọ sí i ní ìdí tàbí ní ẹ̀yìn, pàápàá bí aṣọ rẹ̀ bá tutù. Irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ibẹ̀ lè má pupa. A kàn máa ṣókùnkùn ju ara tó kù lọ, a gbóná, tàbí kó le lábẹ́ ìka. Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa wo ìdí ọmọ bẹ́ẹ̀ ní alaalẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ fún un. Nílé-ẹ̀kọ́, ó yẹ kí ẹnì kan máa yí ìjókòó rẹ̀ padà, ó kéré tán ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ti afọ́jú tún yàtọ̀. Ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó ní láti fọwọ́ kan ògiri, kó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kó fọwọ́ kan ibi ìjókòó, kó tó mọ ibi tí òun wà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwa tí a ríran ń fi ìka ẹsẹ̀ rọra wọ̀, tí a ń yẹra fún ibi tó dọ̀tí, ọwọ́ lòun yóò fi wọ̀ ọ́. Ọwọ́ kan náà ló fi ń ka Braille, òun náà ló sì fi ń jẹun ní àkókò ìsinmi. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ yí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ohun gbogbo tí táyà bá tẹ̀ nínú ọgbà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ìdí nìyí tí garawa omi kan àti ọṣẹ, níbi tí ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dé, fi wúlò lójú tiwa ju gbogbo pátákó ìkéde tí wọ́n kọ ìmọ́tótó sí lọ.

Adití yóò dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìsí wàhálà. Àmọ́ bí inú bá ń run ún, tàbí bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, èdè wo ni yóò fi sọ ọ́ bí olùkọ́ kankan kò bá gbọ́ èdè ọwọ́? Ọmọbìnrin tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ́ra náà, nǹkan oṣù kò ní dúró dè é. A mọ̀ pé àwọn ìyá kan máa ń yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nílé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtìjú. A kò bá wọn fọwọ́ sí i. Kí ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọdún kan tàbí méjì ṣáájú: kó fi páàdì sínú pátá lójú rẹ̀, kó jẹ́ kí òun náà ṣe é, kó máa lo ọ̀rọ̀ kan náà nígbà gbogbo, kó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún olùtọ́jú rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ kí òun náà lè máa lò ó. Ó ń pẹ́, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ló ń mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bíi Mùsùlùmí. Omi la fi ń ṣe ìmọ́tótó lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Olùtọ́jú ọmọ rẹ lè máà jẹ́ Mùsùlùmí, kò sì ṣẹ̀ bí kò bá mọ̀. Bútà ike kékeré kan nínú báàgì ọmọ, pẹ̀lú àlàyé tútù, ti tó. Ọmọ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kó lo ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́hun kò fi ẹ̀sìn ni wá lára, kí àwa náà má fi ni ọmọ lára.

Ó di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, a kò rò pé ẹnì kan wà tí à ń fojú fò tó olùtọ́jú àwọn ọmọ akàndá. Obìnrin ni wọ́n jù. Òun ló ń gbé ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Òun ló ń pààrọ̀ pampers, tó ń nu itọ́, tó ń fi ṣíbí bọ́ ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì kíákíá, tó ń sáré tẹ̀lé èyí tó fẹ́ já síta géètì. Ìgbà tí ọṣẹ bá tán, owó ọwọ́ rẹ̀ ló ń fi rà á. Nígbà tó bá délé, ẹ̀yìn ń ro ó, ọkọ sì ń bi í pé kí ló ṣe lónìí. Olùkọ́ tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn akàndá ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, ó sì ní orúkọ nílé iṣẹ́ ìjọba. Olùtọ́jú kì í sábà ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Síbẹ̀, bí olùtọ́jú kò bá wá lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kò lè kọ́ni ní ohunkóhun, nítorí òun ni yóò máa gbé ọmọ lọ gbé ọmọ bọ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ń ran ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́, tí kò bèèrè iye àwọn olùtọ́jú àti owó oṣù wọn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Bí a ṣe ń gbè wọ́n lẹ́yìn náà la ó máa béèrè ohun tó tọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìbọ̀wọ́ kò dípò ọwọ́ fífọ̀. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n tilẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Obìnrin ni kó tọ́jú ọmọbìnrin. Nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ ọmọ, kí òṣìṣẹ́ kejì mọ ibi tí wọ́n wà. Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú èyí fún òṣìṣẹ́ rere. Ó ń dáàbò bo òun gan-an.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin nípa àwọn akàndá láti 2011, nígbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, òfin náà ló sì dá ọ́fíìsì tí à ń pè ní LASODA sílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀lé e: ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin yẹn ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ akàndá títí dé girama. Ó ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ láti bójú tó ẹ̀kọ́ wọn, pẹ̀lú àwọn ohun èlò tó yẹ. Ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù kìíní 2024. Ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ yín jù lọ, kí ẹ ka àtẹ̀gùn.

Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ kéré jọjọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí ẹyọ kan náà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún un ti wà ní ìlú Ọ̀yọ́, Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ń kọ́ wọn. Kí ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́ kí ó sì pín wọn dé ọ̀dọ̀ wa ni ẹjọ́ tí à ń rò.

Àwọn kan yóò ní, ṣebí ilé-ẹ̀kọ́ akàndá wà ní Èkó, kí ẹ kó wọn lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n wà, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ńlá: Pacelli ti àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1962, Wesley ti àwọn adití ní Sùúrùlérè bákan náà, Modupe Cole ní Àkókà. Ẹni tó bá rí àyè níbẹ̀, kó má jáfara. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ tí kò lè rìn láti Ọjọ́ta lọ sí Sùúrùlérè láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, nínú dánfó, ní títì Ìkòròdú, kí ẹ wá sọ bó ṣe rí fún wa. Iye ọmọ tí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè gbà kò sì pọ̀. Àwọn ọmọ Pacelli pàápàá, bí wọ́n bá parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àárín àwọn ọmọ tó ríran ni wọ́n ń lọ ní girama. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ládùúgbò, níbi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ń lọ, ibẹ̀ ló yẹ kó ṣí sílẹ̀ fún un.

Nígbà ayé Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, afọ́jú kan wà nínú àwọn sàábé tí à ń pè ní Abdullahi ọmọ Ummu Maktum. Gbogbo wa la mọ̀ pé nítorí rẹ̀ ni Súrà Abasa fi sọ̀kalẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Olùpèrun ni, òun àti Bílálù. Nínú Ramadan, Bílálù a pe ìrun nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, kí àwọn èèyàn lè jẹ sààrì. Ti ọmọ Ummu Maktum ló ń dá oúnjẹ dúró. Báwo ni afọ́jú ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́? Àwọn èèyàn ló ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́ o. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ wo ètò náà dáadáa. Wọn kò ní kó jókòó sílé nítorí pé kò rí ìmọ́lẹ̀. Wọn kò sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ni wọ́n fún un, wọ́n sì fi ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ sí i létí tì í.

Àwa ńkọ́, ní ilé kéú wa? Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1923, àwa Mùsùlùmí ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó pọ̀, inú wa sì ń dùn sí i. Àmọ́ ilé kéú mélòó ní àdúgbò yín ló ń gba adití? Al-Kùránì wà ní Braille; àáfà mélòó ló ti fọwọ́ kàn án rí? Mọ́sálásí mélòó ní ibi àlùwàlá tí ẹni tó ń lo ọ̀pá ìrìn kò ní ṣubú sí? Táyà kẹ̀kẹ́ kò ní kí kápẹ́ẹ̀tì bàjẹ́: kí ẹnì kan fi aṣọ tútù nù ún lẹ́nu ọ̀nà, ó tán. Bí a bá fẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀ nípa àtẹ̀gùn, kí a kọ́kọ́ wo tiwa.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣàánú náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ní ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń gbé ìrẹsì, bísíkíìtì àti ohun mímu lọ bá àwọn ọmọ wọ̀nyí. Wọ́n a ya fọ́tò, wọ́n a gbé e sórí WhatsApp, wọ́n a lọ. Ọmọ tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú itọ́ lẹ́nu, ẹ kò bi òun tàbí ìyá rẹ̀ bóyá ó fẹ́. A kò ní kí sàdákà dúró. A ní kó yí padà sí ohun tó ń tán lóṣooṣù: ọṣẹ, ìbọ̀wọ́, pampers àwọn ọmọ ńlá tó wọ́n, bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, tí ẹyọ kan lè máà lò ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ. A ní kó yí sí owó ọkọ̀ fún olùtọ́jú. Ẹni tí sàká rẹ̀ ti pé, tó sì mọ aláìní tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó bi ìmáàmù rẹ̀ léèrè bí yóò ṣe yọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá àti ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí ní ọjọ́ Jímọ̀ kó lè máa fi agbe ṣe owó fún àgbàlagbà, òfin 2019 kan náà ka èyí léèwọ̀. Náírà tí à ń jù sínú agbè rẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n dá a dúró síbẹ̀ ní wákàtí tó yẹ kó wà nínú kíláàsì.

A ní bíríkìlà nínú ẹgbẹ́ wa. A ní wẹ́dà, a ní káfíńtà. Pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tó láti kan irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kò ju sìmẹ́ńtì àti yanrìn díẹ̀ lọ, àmọ́ kó má ga gàgàgà: bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ọ̀nà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, olùtọ́jú ni yóò máa tì í bí ẹni ti ọkọ̀ tó kú. Kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kó sì máa ṣí síta.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ tí àwọn ará àdúgbò máa ń sọ lẹ́yìn irú ìyá bẹ́ẹ̀, pé àwọn ayé ló ṣe é, tàbí pé ó ṣẹ̀ ni. Cerebral palsy, tó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ le gbagidi tàbí kó máa lọ́ bírí, láti àkókò ìbí ló ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà ní ilẹ̀ wa: ọmọ tí kò tètè mí, tàbí ọmọ tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n lẹ́yìn ìbí, tí wọ́n ń gbé sínú oòrùn dípò kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó lè gba etí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fi káfúrà sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á, òun sì lè mú kí ara wọn pọ́n lójijì. Ìyá tó bí irú ọmọ yìí nílò ẹni tí yóò bá a gbé e fún wákàtí kan kó lè sùn. Òfin UBE ti 2004 sì sọ ọ́ di dandan kí òbí fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kò yọ akàndá sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń tì mọ́ yàrá nígbàkígbà tí àlejò bá dé wà lára àwọn tí òfin yẹn ń wí.

Ohun kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀ tí gbogbo olùkọ́ lè mọ̀ lónìí: ohun tí a ń ṣe bí wárápá bá gbé ọmọ nínú kíláàsì. Ẹ kó àga àti ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó rọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má da epo tàbí àgbo sí i lọ́fun, ẹ má fi iná jó ẹsẹ̀ rẹ̀. Itọ́ rẹ̀ kì í ràn, ẹ má sá. Ẹ wo aago: bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí bí ó bá tún gbé e kó tó jí, ilé ìwòsàn ni. Ọmọ tó ń lo oògùn wárápá kò gbọ́dọ̀ fo oògùn nítorí ààwẹ̀. Kí òbí rẹ̀ rí dókítà kí Ramadan tó wọlé.

Ibi tí òbí yóò kọ̀wé sí kì í ṣe ibì kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ni. Àwọn àti SUBEB ló ni í. Girama, Education District II ní Maryland ni, tó ń bójú tó Kòsọ́fẹ́, Ṣómólú àti Ìkòròdú. Kí ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní LASODA pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́: orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, iye ọmọ akàndá tó wà níbẹ̀, iye olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ náà, iye olùtọ́jú, bóyá omi wà. Kí ẹ ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ sì ń bọ̀ bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Àwọn ìyá ló ń kún ibẹ̀ nígbà gbogbo. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ kí bàbá lọ, pàápàá bàbá tí ara ọmọ tirẹ̀ dá ṣáṣá. Kó tó wọ yàrá ìpàdé, kó gba ẹ̀yìn ọgbà, kó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, kó fi okùn wọn ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kó sì yí ẹ̀rọ omi wò bóyá ó ń ṣàn.